Àwọn Ìwé Tí Ithel Fi Sílẹ̀

Wọlé, Lowri. Nu ẹsẹ̀ rẹ kí o tó gun àkàbà.
Òjò Cwm Erwen kì í tọrọ àyè kó tó bá èèyàn wọlé.
Àwọn ìwé náà nìyẹn, láti ilẹ̀ dé àjà.
Ogójì ọdún ni Ithel fi kó wọn jọ,
ogójì ọdún ni mo fi gbọn eruku wọn.
Ìjọ ní kí n tọ́ka èyí tó yẹ pásítọ̀ tuntun.
Ó dáa. Ẹni tó ń gbọn eruku ló mọ ìwé tí eruku kì í pẹ́ lára rẹ̀.

Aláwọ̀ ewé yẹn ni kí o kọ́kọ́ mú.
Ẹ̀yìn rẹ̀ já, okùn bàtà ni mo fi dè é.
Ọ̀rọ̀ oore-ọ̀fẹ́ ló wà nínú rẹ̀, ó sì le
bí òkúta tí bàbá mi ń là nínú ihò òkè yìí.
Bàbá mi kì í fi agbára là á.
Á yí i sọ́tùn-ún, á yí i sósì,
á fi àtàńpàkò wá ojú ibi tó ti fẹ́ là,
lẹ́yìn náà, kò! ẹyọ kan péré,
òkúta á ṣí pẹlẹbẹ bí ojú ìwé.
Báyẹn ni kí o ṣe ka aláwọ̀ ewé.

Àwọn méje tó sanra, tí orúkọ wọn ń dán bíi góòlù,
ẹ̀kẹfà nìkan ni ọkọ mi kà tán.
Ìkejì ló ń ti fèrèsé yàrá ìdáná
kí afẹ́fẹ́ òru má fi lu ògiri. Jọ̀ọ́, má yọ ọ́.

Èyí tó ń kọ́ni bí a ṣe ń darí ìgbìmọ̀ ìjọ,
ka ojú ewé mẹ́wàá, kí o pa á dé.
Ìjọ ẹlẹ́gbẹ̀rún èèyàn ló ń bá sọ̀rọ̀.
Mọ́kàndínlógún ni wá níbí,
ogún, bí Dilwyn bá tètè jí.

Tínínrín yẹn, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ rẹ,
ẹ̀ẹ̀mejì ni Ithel ra òun.
Ìwé bí a ṣe ń tu ọlọ́fọ̀ nínú ni.
Ọjọ́ tí a sin Nesta, ọmọ wa,
ó dé láti itẹ́ òkú, kò bọ́ kóòtù,
ó mú un, ó sọ ọ́ sínú sítóòfù.
Mi ò sọ nǹkan kan. Mo fi èédú sí i.
Oṣù mẹ́rin kọjá kó tó tún kọ̀wé béèrè òmíràn.
Ṣí i. Wo etí ojú ewé kìíní, pẹ́ńsù ni ó fi kọ ọ́:
"Kì í ṣe ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́."
Ìwé náà kò purọ́, Lowri.
Ó kàn tètè sọ òtítọ́ ni.

Na ọwọ́ sẹ́yìn àwọn ìwàásù àtijọ́. Ó tó.
Ìtàn ọlọ́pàá àti olè ni. Ó rò pé n kò mọ̀!
Alẹ́ ọjọ́ Ìsinmi ló máa ń yọ ọ́ jáde.
Ka òun náà. Ọpọlọ tó ti wàásù lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀
nílò ẹni tí yóò lé, tí ọwọ́ yóò sì tẹ̀.

Àlàfo tó wà láàárín yẹn ńkọ́?
Ọdún tí wọ́n ti ihò òkúta pa ni ó yá Dilwyn.
Ìwé nípa àdúrà. Kò dá a padà.
Lọ kí i lọ́jọ́ kan, mu tíì rẹ̀ bó ti wù kó korò tó,
wàá rí i lórí ojú fèrèsé, ìrísí gíláàsì ojú lórí rẹ̀.
Má bi í. Má sì fi ìwé mìíràn dí àlàfo yẹn.
Tí mo bá ń gbọn eruku, mo máa ń gbọn ibẹ̀ náà.

Ó yá, rọra sọ̀ kalẹ̀,
ìgbésẹ̀ kẹta àkàbà yẹn kò dúró dáadáa.